Tapólì Tó Wọ Inú Àwòrán Ìjọ Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ aráyé ṣe fẹ́ràn ojú ara wọn tó, kó gbà láti ya gbogbo ọmọ ìjọ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi gbà á, ojú mi sì rí màbo. Tíṣà ni mí. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Aládé, ní Ìdànrè níbí, mo sì rò pé kò sí ìyọlẹ́nu tí mi ò tíì rí. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ọmọ ilé ìwé, tí o bá ní kó jókòó, ó ṣì lè jókòó. Ẹ lọ sọ fún ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin pé gèlè rẹ̀ ti bo èèyàn mẹ́ta mọ́lẹ̀ nínú àwòrán, kí ẹ wá wo ohun tí yóò fojú yín rí.

Òjò ló fa gbogbo rẹ̀. Lọ́dún yẹn, òjò kọ̀, kò lọ. Oṣù kẹwàá tó yẹ kí kòkó máa gbẹ, ṣe ló ń rọ̀ láàárọ̀, tó ń rọ̀ lọ́sàn-án, tó bá sì dá díẹ̀, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sá aṣọ lọ́wọ́ ni yóò tún dé. Kòkó ń dúdú lórí igi. Èyí tí wọ́n ti fọ́ wá sílé ń bu nínú agbọ̀n. Ní Ìdànrè, tí kòkó ò bá gbẹ, gbogbo ìlú ló ń kanra: àgbẹ̀ ń kanra, àwọn alágbàṣe tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń kanra, ẹni tó ń ta bùrẹ́dì ń kanra. Mo bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kàn ní "ẹ káàárọ̀" ni o, ó ní kí ló dára nínú rẹ̀.

Ìgbà náà ni Pásítọ̀ wa kéde pé ní Wẹ́sidé, gbogbo ìjọ yóò péjọ láti bẹ Ọlọ́run kó bá wa dá òjò dúró. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àfi bí ilẹ̀ Wẹ́sidé náà ṣe mọ́ tí oòrùn yọ, oòrùn gidi, tó ń tani lára. Ẹ gbà mí o! Ta ló fẹ́ jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí oòrùn yọ? Ṣùgbọ́n ìjọ wa gbọ́n. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ̀, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ pátápátá, àṣà wa sì ni pé ọmọ ìjọ tí kò bá rí ibi sá kòkó, ibẹ̀ ni yóò gbé e wá. Bí oníkálukú ṣe ń bọ̀ wá gbàdúrà lọ́jọ́ náà, kòkó ló rù wá. Wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gbọn ọwọ́ nù, wọ́n wọlé. Wọ́n ní kí kòkó máa gbẹ lọ níta, kí àdúrà náà máa gòkè lọ nínú ilé.

Màmá mi náà gbé tirẹ̀ wá, kò ju agbọ̀n kan lọ. Ó wá kúnlẹ̀ sí ààyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, níbi tó ti ń kúnlẹ̀ kí n tó gbọ́njú. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ilé ìwé wa wà ní ìsinmi. Pásítọ̀ ní kí a di ojú wa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe là á títí òun yóò fi ṣe Àmín ìkẹyìn. Ó ní ojú tó bá là, ìgbàgbọ́ ló gba ibẹ̀ jò.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: òjò Ìdànrè kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ̀yìn òkè ló ti ń bọ̀. Òkè yóò bò ó lójú yín, kí ẹ tó mọ̀, ó ti dúró lórí òrùlé. A wà lórí àdúrà nígbà tí ilé ṣú. Afẹ́fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó gbé ìwé orin ẹnì kan lulẹ̀. Ààrá sán. Pásítọ̀ gbé ohùn sókè. Ààrá tún sán, Pásítọ̀ tún gbé e sókè, àwọn méjèèjì wá ń bá ara wọn fà á. Mo la ojú kan, ọ̀kan péré. Mo wá rí i pé ìjọ wa kún fún ojú kọ̀ọ̀kan tó là! Gbogbo èèyàn ń wo ẹnu ọ̀nà, gbogbo èèyàn ń ronú kòkó níta, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ dìde kí wọ́n lè sọ pé òun ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ jò?

Màmá mi ni. Ó gbé orí sókè díẹ̀, mo sì gbọ́ ọ dáadáa, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ó sọ fún Ọlọ́run pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀." Ó dìde, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó jáde. Afẹ́fẹ́ gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá a pàà, gbogbo ìjọ ta gìrì. Pásítọ̀ pariwo "Jésù!" àwa náà pariwo rẹ̀, àdúrà sì ń bá a lọ.

Àlàájà kan wà ní òdìkejì títì tó ń ta àpò kòkó, okùn àti tapólì. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta ọjà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Màmá mi sì ni. Ohun tí Màmá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé bí òun ṣe máa jáde, Àlàájà ti ń fa tapólì ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bọ̀, ó ń pariwo pé, "Ìyá Tíṣà, di ibí mú! Di ibí mú, jàre!" Àwọn méjèèjì bá afẹ́fẹ́ jà títí wọ́n fi bo gbogbo kòkó náà, ti Màmá mi, ti Bàbá Ìjọ, ti gbogbo wa, wọ́n sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a ṣe Àmín tí a sì sáré jáde, òjò ń lu tapólì gbàgà-gbàgà, kòkó gbẹ lábẹ́ rẹ̀ fúrúfúrú. Àwọn ìyá méjì náà dúró lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rin gbindin, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹnì kan pariwo, "Iṣẹ́ ìyanu!" Ó parí nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òjò dáwọ́ dúró lóòótọ́, oòrùn dé, ẹ̀rí náà sì gbéra. Nígbà tó máa dé Owena, wọ́n ní òjò rọ̀ yí kòkó wa ká, kò kan ẹyọ kan. Nígbà tó dé Ofosu, áńgẹ́lì ló bò ó. Ìbátan wa kan pè mí láti ibẹ̀ lórí fóònù, ó ní ṣé mo rí áńgẹ́lì náà. Mo ní mo rí i, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ìgbìmọ̀ ìjọ wá pè mí, wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run ṣe yìí kò gbọ́dọ̀ parẹ́, kí n yà á sára ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ. Ẹ̀san mi ńkọ́? Wọ́n ní ó wà lókè ọ̀run. Mo sọ fún wọn pé mo ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú ìwé nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga: àwọn ará etí òkun kan nílẹ̀ òkèèrè, tí ìjì bá fẹ́ rì wọ́n tí Ọlọ́run sì yọ wọ́n, wọ́n á ní kí ayàwòrán ya ọjọ́ náà fún àwọn, wọn á gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó rí ọkọ̀, ẹ ó rí ìgbì, ẹ ó rí àwọn èèyàn lórí ìkúnlẹ̀, ẹni mímọ́ kan á sì yọ orí láti inú ìkùukùu. Ojú Pásítọ̀ tàn. Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni mò ń wí! Yọ ọkọ̀ kúrò, fi kòkó sí i."

Ibẹ̀ ni Bàbá Ìjọ ti dìde. Bàbá arúgbó ni, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ tóbi, òun náà ló sì ní kòkó jù nínú ìjọ. Ó ní àwòrán ìgbàgbọ́ ni àwòrán yìí, ẹni tó kúnlẹ̀ títí dé Àmín nìkan ni kó wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, Màmá mi ńkọ́? Àwọn ló bo kòkó náà." Ó ní, "Ọlọ́run ló bò ó." Mo ní, "Tapólì ló fi bò ó, Bàbá." Ó wò mí títí. Ó ní, "Tíṣà, kòkó mi ló pọ̀ jù níta lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ òjò. Mi ò dìde." Òótọ́ ló sọ, ohun tó dùn mí jù sì nìyẹn, torí mi ò lè bú u.

Mo bínú délé. Mo ní mi ò yà á mọ́, kí wọ́n lọ wá áńgẹ́lì Ofosu kó wá yà á fún wọn. Màmá mi ń bó ẹ̀gẹ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Yà á. Kò já mọ́ nǹkan kan."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìyà ńlá! Ẹni tó bá ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ ń dì, orí rẹ̀ sì ń wolẹ̀, àbí? Mo yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé, wọ́n wò ó, wọ́n bínú. Ìyá kan ní, "Àtàrí nìkan lo yà fún mi. Ta ló mọ àtàrí mi?" Mo ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ di ojú. Wọ́n ní kí n di ojú àwọn ẹlòmíì, kí n la tàwọn. Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù kí n lè mú ojú wọn dáadáa. Ìyẹn tún burú jùyẹn lọ. Ọ̀kan fi èyí tó ti fi fóònù bó ara rẹ̀ di òyìnbó ránṣẹ́. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún fi fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe rí lójú Ọlọ́run. Ẹnì kan tí kò wá rárá lọ́jọ́ náà ní kí n fi òun sí ẹ̀yìn níbi tó ṣókùnkùn, pé ẹ̀mí òun wà níbẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àkàbà lọ́jọ́ yẹn, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, ó fún mi ní omi tútù, ó fi mí rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá délé pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́ àti nínú irun, Màmá mi á bi mí pé, "Ta lo yà lónìí?" Màá sọ. Á ní, "Ṣé o ya imú rẹ̀ bó ṣe tóbi?" A ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, á tún bi mí. Ó ń bi mí ṣáá, mi ò sì fura, èmi òpè. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń da omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó wá ní, "Ẹ̀gbẹ́ òpó. Ta lo fi síbẹ̀?"

Mo ní mi ò tíì fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ó wá sọ ọ́ ní ojúlówó èdè Ìdànrè tó máa ń lò tí nǹkan bá ká a lára. Ó ní nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri yẹn, ìyàwó tuntun lòun, oyún mi sì wà nínú òun. Òun ló ń pọnmi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ó ní òun ò bèèrè ohun kan lọ́wọ́ ìjọ yẹn rí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ wà níbẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn. Ṣé torí mo dìde lẹ́ẹ̀kan, mi ò kúnlẹ̀ rí ni?" Omi ti tán nínú kèrègbè rẹ̀, ó ṣì dà á dojú dé sórí ẹsẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun àkàbà. Mo ya òpó. Mo ya àwọn èèyàn sí ọ̀tún rẹ̀, mo yà wọ́n sí òsì, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, ó tó ẹnì kan kúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni mo ya fèrèsé. Fèrèsé ń bẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé kò sí ni? Mo wá ya ohun tó wà níta fèrèsé: òjò, tapólì búlúù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àti obìnrin méjì tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan di igun rẹ̀ kan mú. Mo ti lọ bi Àlàájà léèrè kí n tó yà á. Ó ní kí n ya òun láti ẹ̀yìn, òun ò fẹ́ kí ojú òun wà lára ògiri, ṣùgbọ́n kí n má ṣe fi ìbòrí pupa sí òun lórí o, funfun ló wà lórí òun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Bàbá Ìjọ dé, ó fojú sún mọ́ ọn. Ó ní, "Kí nìyí?"

"Fèrèsé ni, Bàbá."

"Ta ni ìwọ̀nyí?"

"Àwọn tó wà níta ni, sà. Ẹ ní ẹni tó kúnlẹ̀ nìkan ni kí n yà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn wọ̀nyí ò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó pòṣé, ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá tọ́ka sí òfìfo ẹ̀gbẹ́ òpó. Mo ní ọ̀dà ibẹ̀ kò tíì gbẹ. Ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. A ṣí àwòrán náà, a kọrin, wọ́n ya fọ́tò níwájú rẹ̀, oníkálukú wá ojú ara rẹ̀ kàn, ọ̀dà ò gbẹ. Kérésìmesì kọjá, ọ̀dà ò gbẹ. Ìyá kan ní kí n jẹ́ kí òun gba àyè náà fún ọmọ òun tó wà ní Canada. Mo ní, mà, kò tíì gbẹ. Màmá mi sì ń wá sí ìsìn, ó ń kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òpó gidi, ó ń kọjú sí òpó tí mo yà.

Ọdún yí po. Òjò tún kọ̀, kò lọ, Pásítọ̀ tún kéde àdúrà, a tún da kòkó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má bi mí pé ṣé a ò kọ́gbọ́n, oòrùn ló yọ. Àlàájà ti kó tapólì náà wá, ó ká a sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀, ó ní òun ò sí nílé lọ́sàn-án, òun ń lọ kó ọjà. Pásítọ̀ ní kí a di ojú wa. A dì í. Ilé ṣú. Ààrá sán. Mo la ojú kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì rí i pé àwọn ojú kọ̀ọ̀kan yòókù kò wo ẹnu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Fèrèsé tí mo yà sára ògiri ni gbogbo wọn ń wò.

Ta ló kọ́kọ́ dìde? Bàbá Ìjọ! Bàbá arúgbó gbé agbádá dání, ó sáré bí ọmọ kékeré, ó ń pariwo, "Tapólì dà? Tapólì dà?" Ni gbogbo ìjọ bá tú jáde gììrì. Èmi náà sáré. Pásítọ̀ alára sọ Bíbélì sórí àga, ó di igun kan mú, òjò lù ú, ó ń pàṣẹ fún wa bíi kápẹ́ńtà. A bo kòkó. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, a rẹ́rìn-ín títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí a wá ṣe.

Nígbà náà ni mo wò yíká, mi ò rí Màmá mi. Orúnkún ń dùn ún lọ́dún náà, tó bá kúnlẹ̀, ó di kí a fà á dìde. Mo sáré wọlé. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo, àga wà káàkiri. Òun nìkan ló wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ojú rẹ̀ dì pinpin. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Bàbá, mo ti dé o. Ẹ má bínú, ó pẹ́ díẹ̀." Lẹ́yìn náà ló ń bá àdúrà lọ fún kòkó gbogbo èèyàn, ó ń dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ Bàbá Ìjọ. Bàbá náà ti dúró lẹ́yìn mi, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Gbogbo wa dúró ní ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, a ò wọlé, a ò jáde, títí ó fi ṣe Àmín. Àwa náà ṣe é.

Ó la ojú, ó rí wa. Ó ní, "Ṣé ẹ ti bò ó?"

Bàbá Ìjọ rìn lọ síwájú pẹpẹ. Ó na ọwọ́ tó tutù, ó fọwọ́ kan òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó lára ògiri. "Tíṣà," ó ní, "ibí ti gbẹ."

Mo mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá lọ́jọ́ kejì. Màmá mi tẹ̀ lé mi, ó jókòó, ó ń ṣọ́ mi kí n má ba imú òun jẹ́. Mo ní, "Màmá, tí a bá tẹ̀ lé òfin, Bàbá Ìjọ ló yẹ kí n pa rẹ́ báyìí. Wọn ò dúró de Àmín." Mo tiẹ̀ ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọrùn tín-ín-rín yẹn, ọwọ́ ń yún mi.

"Fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní. Ó wá na ìka sí fèrèsé, sí tapólì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú òjò. "Igun mẹ́rin ló ní. Èmi àti Àlàájà, méjì la dì mú. Ya Bàbá Ìjọ síbẹ̀ náà, kí wọ́n wá bá wa di èyí tó kù."